Ta Ló Rí Kòkòrò Náà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí ọjọ́ ọ̀la, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìpoògùn, àti ẹ̀yin tí ẹ yan iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bíi tèmi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin òbí tó ń san owó ilé-ìwé wọn pẹ̀lú. Ẹ má tíì yí rédíò yín kúrò níbí. Ọ̀rọ̀ ibà ni mo gbé dání, ilé ta sì ni ibà ò mọ̀?

Láàárọ̀ òní, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù kan wá bá mi lẹ́nu fèrèsé. Ohun tí dókítà kọ sórí rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: MP, Widal. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lọ sílé-ìwòsàn fún ìdánrawò mọ ìlà yẹn bí ẹni mowó. MP ni pé kí a wo ẹ̀jẹ̀ fún kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Widal ni pé kí a wò ó fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní kí ẹ bá àwọn sáré ṣe é, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn." Mo ní, "Oògùn kí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ti màlááríà àti táífọ́ọ̀dù ni, sà." Mo ní, "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí n tó wò ó nìyẹn."

Lọ́dọ̀ wa níbí, àrùn méjèèjì ti di Táyé àti Kẹ́hìndé. Orí fọ́ ènìyàn lánàá, ara rẹ̀ gbóná lóru, ẹnu rẹ̀ korò láàárọ̀: "Màlááríà àti táífọ́ọ̀dù ni." Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́bàá títì mọ̀ ọ́n, ìyá alágbo mọ̀ ọ́n, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n kọ sínú lẹ́tà. Mo ti pàdé ọkùnrin kan tó ní òun ní táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọdún kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà! Mo bi í pé ta ló rí kòkòrò náà. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ó ní, "Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún mi, ìwé rẹ̀ wà nílé."

Ìbéèrè yẹn ni mo wá bi ẹ̀yin náà. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé, orí rẹ̀ ló dúró lé. Àwọn olùkọ́ yín á kó orúkọ tó gùn bí ìrìnàjò jọ fún yín, ẹ ó sì há a sórí. Kò burú, ẹ há a sórí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe orúkọ kòkòrò kan mọ́ aláìsàn lórí, ẹ bèèrè pé ta ló rí i, ibo ló ti rí i, kí ló sì fi dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá àyẹ̀wò, kí ẹ wo bí Widal ṣe ń lọ. A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, a ó jẹ́ kó dì, a ó sì fi ẹ̀rọ yí i títí omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró ẹ̀pà yóò fi dá dúró lókè. Omi yẹn la fẹ́. A ó gbé táìsì funfun kan kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. A ó kán omi náà sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó wá mú àwọn ìgò kéékèèké kan, a ó kán tinú wọn tẹ̀ lé e: ti O aláwọ̀ búlúù ni, ti H pupa ni. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti rẹ láró, ló wà nínú ìgò wọ̀nyẹn. A ó fi igi tín-ín-rín pò ó pọ̀, a ó wá máa mi táìsì náà síwá sẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí omi náà bá ń ṣàn geere, kò sí nǹkan. Bí ó bá ṣù jọ wóró-wóró bíi gààrí tí omi rẹ̀ kò tó, a ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà. Ó parí. Ìṣẹ́jú kan, owó péréte, aláìsàn ti gba orúkọ.

Kí ló ṣù jọ yẹn? Kòkòrò inú ìgò ni. Kì í ṣe kòkòrò inú aláìsàn. A kò tíì rí kankan nínú aláìsàn. Ohun tó mú kí ti inú ìgò ṣù jọ ni ohun ìjà tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, èyí tí ara rọ nígbà kan rí. Nígbà tí kòkòrò bá wọlé, ara á rọ ohun ìjà tó bá a mu, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ àdá. Ogun á parí, àdá á ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Widal bá àdá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ló bá pariwo pé olè wà nínú ilé. Bóyá olè wà lóòótọ́. Bóyá èṣí lolè wá. Bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára ló mú kí onílé rọ àdá. Bóyá ìbátan olè yẹn kan ló wá, nítorí àwọn ẹbí kòkòrò táífọ́ọ̀dù pọ̀, ìrísí wọn sì jọra. Àdá tí a rọ nítorí ejò, ó ń bẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Màlááríà pàápàá máa ń ru ilé ìrọdá yìí sókè, tí yóò fi máa rọ èyí tí ẹnì kankan kò bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé níbi tí ibà ẹ̀fọn bá ti gbilẹ̀, bíi tiwa, Widal á máa pa irọ́ tó dùn ún gbọ́.

Ẹ ó rí 1:80, ẹ ó rí 1:160 lórí ìwé èsì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti fi omi la omi ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi di ìdá 1 nínú 80, tàbí nínú 160, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò tíì tán. Bí ẹ bá fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jó ní òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ẹ ó bá 1:80 lára àwọn kan nínú wọn. Bí ìwé ẹ̀kọ́ ṣe là á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí a ṣe é, ọjọ́ 10 sí 14 láàárín, kí a wò ó bóyá iye náà ti fò sókè ní ìlọ́po 4. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìdí iṣẹ́ yìí, n kò lè ka ẹni márùn-ún tó padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í padà wá kí abẹ́rẹ́.

Ẹ má sì bú Widal. Fernand Widal, dókítà ará Faransé, gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní Paris ní ọdún 1896, nígbà tí ọwọ́ àwọn dókítà ṣófo, ó sì wúlò fún wọn gan-an. Àwa tí a ń fi í ṣe gbogbo nǹkan lẹ́yìn ọdún 100 ó lé la ni ẹjọ́.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tó máa ń há nǹkan sórí láìbi í léèrè. O wo, H wo? Èdè Jámánì ni. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Proteus. Bí wọ́n bá gbìn ín, ó máa ń tàn ká ojú àwo bí èémí ẹnu tí ènìyàn mí sára dígí. Hauch ni àwọn Jámánì ń pe èémí yẹn. Irú rẹ̀ tí kò ní ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè tàn ká, wọ́n sì ní kò ní èémí, ohne Hauch. Ibẹ̀ ni H ti wá, tó dúró fún ìrù kòkòrò. Ibẹ̀ ni O ti wá, tó dúró fún ara rẹ̀. Bí olùdánwò bá bi yín, ẹ ti ní i lápò.

Ó ku ẹjọ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ rò mọ́ ara mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò aládàáni kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo mi táìsì, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló ṣù jọ. Mo kọ 1:160, mo lu òǹtẹ̀. Ó ra oògùn, ara rẹ̀ á fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, òógùn òru á tún bẹ̀rẹ̀. Sòkòtò rẹ̀ ń tóbi mọ́ ọn nídìí. Ó sì ń wúkọ́. Mo gbọ́ ikọ́ náà láti inú yàrá níbi tí mo jókòó sí, mo gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: etí gbọ́ ọ, ọkàn kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nítorí pé àìsàn ti ní orúkọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan nílé-ìwòsàn ìjọba ló fún un ní ife pé kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i láàárọ̀ kùtù. Ọ̀rẹ́ mi ló wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo fojú sí maikirosikóòpù. Ilẹ̀ búlúù, àti lórí rẹ̀, àwọn ọ̀pá pupa tín-ín-tín, wọ́n wọ́ díẹ̀ bí igi ìṣáná tí òjò pa, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, òmíràn gùn lé ẹnì kejì rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó sì gbádùn. Ó tún rán búbá kan fún mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò mọ̀ pé èmi lẹni tó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Búbá náà wà nínú àpótí mi.

Báwo wá la ṣe ń rí kòkòrò? A ń gbìn ín ni, bí ẹní gbin ewédú. Ní Berlin, láyé Robert Koch, ọ̀gá nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, orí pòtétò tí wọ́n là ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbin àwọn kòkòrò kan. Ìṣòro gbígbìn wọn sínú omi ọbẹ̀ ni pé gbogbo wọn á pò pọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Lórí ohun tó dì, níbi tí kòkòrò kan bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti bí ọmọ, títí wọn yóò fi di òkìtì tí ojú lásán ń rí. Wọ́n gbìyànjú jẹ́látíìnì, ṣùgbọ́n tí ó bá ti gbóná tó ara ènìyàn, ìyẹn ìwọ̀n 37, á yọ́ wàì. Àwọn kòkòrò mìíràn a tiẹ̀ máa jẹ ẹ́.

Obìnrin ló yanjú rẹ̀, láti inú ilé ìdáná. Walther Hesse ń bá Koch ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Fanny, ló sọ fún un ní ọdún 1881 pé kó lo ágà, ohun kan tí wọ́n ń sè láti ara ewéko inú òkun, tí òun máa ń fi mú èso dì. Aládùúgbò kan tó ti gbé ní Java rí ló kọ́ ọ. Ágà kì í yọ́ nínú ooru ara. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ẹ̀ hó. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ gbọ́ o: bí ẹ ṣe ń bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ewé, tó ń tutù, tó ń dì, tó ń dán, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà ń da ágà sínú àwo. Bí ó bá gbóná jù, omi á máa kán láti ara ìdérí, àwo á bàjẹ́. Bí a bá jẹ́ kó tutù jù, á ṣù nínú ìgò. Èmi máa ń gbé ìgò náà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá lè fara dà á, ó ti tó dà. Lọ́dún 1882, Koch dárúkọ ágà nínú ìròyìn rẹ̀ lórí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò dárúkọ Fanny. Lọ́dún 1887, Petri tó ń bá Koch ṣiṣẹ́ ṣe àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, orúkọ rẹ̀ ni àwo náà sì ń jẹ́ títí di òní olónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: Theobald Smith ló ṣe iṣẹ́ tó mú Salmonella, ẹbí tí kòkòrò táífọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, jáde; ọ̀gá rẹ̀, Daniel Salmon, ni kòkòrò ń jẹ́ orúkọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ gbọ́.

Tó bá di ọjọ́ kejì tí a gbìn ín, a ó ṣí ẹ̀rọ ìmóoru. Àwo kan wà tó ń jẹ́ MacConkey, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi sóbò tí a bu omi sí. Òróòro ẹran wà nínú rẹ̀, ṣúgà inú wàrà náà wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tó bá lè jẹ ṣúgà yẹn, bíi E. coli, òkìtì rẹ̀ á pọ́n yòò. Ti táífọ́ọ̀dù kò lè jẹ ẹ́, nítorí náà òkìtì rẹ̀ á ṣí, á fẹ́ẹ̀ dà bí omi ìrẹsì. Lórí àwo mìíràn tó ń jẹ́ XLD, ọ̀pọ̀ nínú ẹbí Salmonella á pọ́n, àárín wọn á dúdú bí ojú ẹja. Kì í ṣe ibẹ̀ ló parí sí, a ṣì ní àyẹ̀wò tí a ó ṣe kí a tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan ti wà lórí tábìlì báyìí tí a lè nawọ́ sí.

A ó fọwọ́ kan òkìtì kan, a ó pa á mọ́ ara gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó fi ooru dè é mọ́lẹ̀, a ó sì rẹ ẹ́ láró. Ọ̀nà tí a ń gbà rẹ ẹ́, Hans Christian Gram ló gbé e jáde ní Berlin ní ọdún 1884. Ará Denmark ni. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí òtútù àyà pa ló ń yẹ̀ wò, ó ń wá ọ̀nà tí kòkòrò á fi hàn yàtọ̀ sí ẹran ara. Aró àlùkò, ìṣẹ́jú kan. Áyódíìnì, ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ọtí tó ń bọ́ aró kúrò. Àwọn kòkòrò kan di aró wọn mú, àwọn mìíràn jọ̀wọ́ rẹ̀. Gram ka èyí sí àbùkù, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà òun kò tíì pé. Àwọn ẹlòmíràn ló wá fi aró pupa kún un lẹ́yìn, kí àwọn tó jọ̀wọ́ aró àkọ́kọ́ lè rí nǹkan wọ̀. Ohun tó kà sí àbùkù yẹn gan-an ló wá di igi lẹ́yìn ọgbà wa.

Nítorí kí ni? Ògiri wọn ni kò dọ́gba. Àwọn tó di àlùkò mú, ògiri wọn nípọn bí ògiri amọ̀ ilé àtijọ́. Aró wọ inú rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Àwọn tó gba pupa, ògiri tiwọn fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wọ ẹ̀wù ọlọ́ràá kan lé e lórí. Ọtí á bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá náà, aró á sì sá lọ. Ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀wù yẹn ni kí ẹ máa rò nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ìdí tí vancomycin fi ń pa ti àlùkò, tí kò sì lè wọlé ti pupa. Ní ti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìda ló fi bo ara rẹ̀. Aró Gram kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, àfi aró mìíràn tí a fi iná mú gbóná. Bí mo bá tiẹ̀ fi Gram wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ télọ̀ yẹn nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí n má rí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nídìí síǹkì: ọtí tó ń bọ́ aró, ìṣẹ́jú àáyá ni tirẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí omi ti máa ṣàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń tẹ fóònù lọ́wọ́ yóò bọ́ aró gbogbo wọn, á wá bá mi pé pupa lòun rí. Staphylococcus, tó máa ń ṣù jọ bí ìdì ẹyìn, á di pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Streptococcus, tó tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, á di pupa. Ní ti táífọ́ọ̀dù, pupa lòun ní tòótọ́: ọ̀pá kúkúrú, gígùn rẹ̀ bí ìdá 2 tàbí 3 nínú ìdá 1000 mìlímítà kan.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ tàbí kó dára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìrìnàjò kòkòrò yìí fún yín. Ìgbẹ́ ènìyàn ló ń gbà wọ inú omi tàbí oúnjẹ. Kò sí ẹran tó ń gbé e kiri, ènìyàn nìkan ni ilé rẹ̀. Ó gba ẹnu wọlé, ó la ikùn kọjá, ó dé ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún ògiri rẹ̀ wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé e mì kó sì pa á, inú wọn gan-an ló fi ṣe ọkọ̀. Wọ́n gbé e dé ẹ̀dọ̀, wọ́n gbé e dé mùdùnmúdùn inú eegun. Ó pọ̀ sí i níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láti ẹ̀dọ̀, ó wọ òróòro, òróòro tún dà á padà sínú ìfun. Ìgbà yìí ni egbò ń dá sí ògiri ìfun, tó bá sì di bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò rí ìtọ́jú, ìfun lè lu. Àwọn tó sọ ọ́ ní jẹ̀funjẹ̀fun, n kò mọ ẹni tó là wọ́n lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ríran.

Nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò yìí kì í pọ̀. Nínú mìlílítà kan, ẹ lè má rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan! Ẹ wá fa mìlílítà 2 fún mi, ẹ ní kí n bá yín rí táífọ́ọ̀dù. Ẹ fa 10 fún àgbàlagbà. Ẹ fà á kí oògùn apakòkòrò tó kan ẹnu rẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi sípíríìtì nu awọ ara, kí ẹ sì dúró kó gbẹ, ẹ má fẹ́ ẹnu sí i! Bí ẹ bá tún fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́yìn tí ẹ nu ún, Staphylococcus ara ìka yín ni n ó gbìn, n ó sì pe aláìsàn aláìṣẹ̀ ní alárùn ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ náà pé nínú ẹni 10 tó ní táífọ́ọ̀dù gidi, bí 6 ni gbígbin ẹ̀jẹ̀ ń bá wa mú. Mùdùnmúdùn eegun dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí a gún eegun òun nítorí ibà?

Òróòro tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí lára àwọn kan. Ara wọn á yá, wọn á sì máa yà á sínú ìgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mary Mallon nìyẹn, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń se oúnjẹ fún àwọn olówó ní New York. Lọ́dún 1906, nínú ilé kan ní Oyster Bay, ẹni 6 nínú 11 ló dùbúlẹ̀ àìsàn. George Soper, ẹni tí wọ́n ní kó wádìí àìsàn náà, tọpa Mary láti ilé dé ilé. Nígbà tó ní kí obìnrin náà fún òun ní ìgbẹ́ rẹ̀ wò, fọ́ọ̀kì ńlá tí wọ́n fi ń gé ẹran ló fi lé e jáde. Lọ́dún 1907, wọ́n há a mọ́ erékùṣù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1910 pé kó má ṣe dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ó pa orúkọ dà, ó padà sídìí ààrò. Lọ́dún 1915, wọ́n bá a nínú ilé ìdáná ilé ìgbẹ̀bí kan, níbi tí ẹni 25 ti ṣàìsàn. Orí erékùṣù náà ló kú sí ní 1938. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ara rẹ̀ kò gbóná rí lójú ara rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló mọ̀, àwọn mìíràn tó ń gbé kòkòrò náà kiri bíi tirẹ̀ sì wà nígboro tí ẹnikẹ́ni kò há mọ́ ibì kankan. Àmọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbìn, kòkòrò hù níbẹ̀. Wọ́n rí i.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: "Ọ̀gá yìí, ẹ̀jẹ̀ gbígbìn wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló ń gbà, aláìsàn sì ń gbóná." Òótọ́ ni. Ibi tí a ti ń gbìn ín kò tó, iná mànàmáná kò dúró, ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò sì lè fi ẹnu mú ẹ̀rọ ìmóoru gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò owó Widal mẹ́fà, kí ẹ fi ti oògùn apakòkòrò mẹ́fà kún un. Owó tí ọkùnrin tó ní òun ní táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́fà yẹn ná lọ́dún kan nìyẹn. Oògùn ọ̀hún sì ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Chloramphenicol ti ọdún 1948, kòkòrò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ agbára rẹ̀ di asán ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Sindh, ní Pakistan, láti 2016, irú kan jáde tí púpọ̀ nínú oògùn tí a gbẹ́kẹ̀ lé kò ràn mọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń ka àbùdá irú àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tọ ìdílé wọn. Ẹni tí a kò bá gbìn, kò sí àbùdá tí wọ́n máa kà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí fọ́ọ̀mù àárọ̀. Mo kọ́kọ́ wo MP. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì: òrùka wẹ́wẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, olúkúlùkù pẹ̀lú òkúta rẹ̀ bí òrùka ìgbéyàwó. Màlááríà nìyẹn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Ní ti Widal, mo pe dókítà lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ ká gbin ẹ̀jẹ̀ dípò rẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó gbà. Ọmọbìnrin yẹn ló fa ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wo ìka rẹ̀. Ó nu awọ, ó dúró, kò tọ́ ọ. Mìlílítà 10, ó pín in sínú ìgò méjì.

Mo gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀ wò kí n tó máa bọ̀ níbí. Omi rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Àárọ̀ ọ̀la, aago méje, n ó tún gbé e wò. Ọmọ náà ní òun máa tètè dé.